Àádọ́rin Kò Tó Èémí

Ètè Bàbá Ṣítù ti ń dúdú kí Dókítà Ojúọlápé tó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Láti yàrá iṣẹ́ abẹ kejì ló ti sáré wá, kò tilẹ̀ rójú bọ́ ìbọ̀wọ́. Bàbá náà nà gbalaja, ojú rẹ̀ là díẹ̀, àyà rẹ̀ ń gbọ̀n ṣùgbọ́n kò gbéra. Dókítà Ìbíwùmí, tó kun ún lóorun láàárọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ ìpá rẹ̀, dúró síbi orí ibùsùn, ó ń gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ẹ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí."

Lára ògiri, ohùn obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ, ó tutù, kò kánjú. "Àtàǹpàkò ti dé àádọ́rin. Aláìsàn lè lọ."

"Ó fẹ́ mí, kò lè mí ni," ni Ojúọlápé wí. "Gbé àpò afẹ́fẹ́ yẹn fún mi. Fa oògùn ìtúdè."

Ó fi ọwọ́ òsì gbé àgbọ̀n bàbá náà sókè, ó dé ike mọ́ ọn nímú àti lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àpò náà. Àyà gbé. Ó fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, àyà tún gbé. Ìbíwùmí ń fi oògùn sínú rọ́bà omi tó wọ ọwọ́ bàbá náà. Ojúọlápé bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ síbi etí rẹ̀.

"Bàbá Ṣítù, Dókítà Ojúọlápé ni. Mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Oògùn tí wọ́n fi dẹ iṣan yín fún iṣẹ́ abẹ ni kò tíì kúrò lára yín tán. Mo ń bá yín mí. Ẹ má bẹ̀rù."

Omi bọ́ lójú bàbá náà, ó ṣàn lọ sí etí rẹ̀. Kò lè nù ún. Ojúọlápé kò dáwọ́ dúró.

"Àtàǹpàkò ti dé méjìléláàádọ́rin," ni ẹ̀rọ wí. "Aláìsàn lè lọ."

Nígbà tó ṣe, ètè náà pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìka ọwọ́ kan mì. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ṣítù fa èémí kan sínú bí ẹni tó yọ orí jáde nínú odò, ó sì fi gbogbo agbára tó ní ti ọwọ́ Ojúọlápé dànù lójú ara rẹ̀. Inú Ojúọlápé dùn sí ìtìdànù náà ju ẹ̀bùn lọ.

Ojúọlápé mú Ìbíwùmí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn sì padé lẹ́yìn wọn.

"Mélòó ni àtàǹpàkò rẹ̀ nígbà tí o fa rọ́bà kúrò lọ́fun rẹ̀?"

"Àádọ́rin, mà."

"Nínú ọgọ́rùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló kọ́ ẹ pé àádọ́rin tó?"

Ìbíwùmí wolẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló tíì lò ní ilé ìwòsàn Ṣakí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá láti Ìlọrin. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí kò tíì pẹ́ débi iṣẹ́ rí, kò sì tíì jiyàn.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Ẹ̀yin ni."

Ó fa gíláàsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ yọ lápò, ohun fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó fi ìka kàn án. Obìnrin kan yọ níbẹ̀, ó wé gèlè aláró, ojú rẹ̀ ń dán. Ojúọlápé ni, ti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni obìnrin inú gíláàsì wí, "ẹ lẹ wáyà mọ́ ọrùn ọwọ́ aláìsàn. Iná á ta á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àtàǹpàkò á fò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ fi agbára ìfò kẹrin wé ti àkọ́kọ́. Bí ìkẹrin bá ti lè ní àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún agbára ti àkọ́kọ́, iṣan ti padà nìyẹn. Ẹ fa rọ́bà. Ẹni tó bá dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojo ni." Ó wúkọ́ díẹ̀, bí Ojúọlápé ṣe máa ń wúkọ́ kó tó fi ọ̀rọ̀ gúnlẹ̀.

Ojúọlápé gba gíláàsì náà. Ó tún un gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ni tirẹ̀: wáyà, iná, àtàǹpàkò, ọ̀nà tó gbà ń pe "ẹ̀yin ọmọ mi". Nọ́ńbà yẹn nìkan ni kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Àádọ́rùn-ún ló kọ́ wọn. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi jókòó nínú yàrá kékeré kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń gba ohùn àti ojú rẹ̀ sílẹ̀, tó ń tún àádọ́rùn-ún sọ títí ọ̀fun rẹ̀ fi há.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́rin, mà. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Kò mọ̀. Òfin kò gba kí olóhùn, ẹni tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ ohùn ara rẹ̀, nítorí náà kò gba ẹ̀kọ́ náà rí. Bó bá jẹ́ òun ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ yàrá iṣẹ́ abẹ kì í bá a sọ̀rọ̀, kì í sì í bi í ní ìbéèrè. Bó bá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ṣí ni, kò sì fún un ní àmì bó bá dúró. Ọdún mẹ́rin gbáko ló ti ń dúró de àádọ́rùn-ún nínú yàrá tirẹ̀, tó rò pé gbogbo ayé ń dúró pẹ̀lú òun.

"Nínú ọkàn rẹ," ló bi Ìbíwùmí, "nígbà tí o wo bàbá yẹn, ṣé o rí i pé ara rẹ̀ ti padà?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ dúró. Ẹ̀rọ ní mo ń fi àkókò ṣòfò." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àmì pupa méjì ń tàn lábẹ́ awọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ìlọrin ni mo ti gba méjèèjì yìí, nítorí mo dúró. Bó bá pé mẹ́ta, kò sí ẹ̀rọ kankan tó máa mọ ọwọ́ mi mọ́, àfi ti pàjáwìrì."

Ojúọlápé dá gíláàsì rẹ̀ padà fún un. Ó fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ pé ara rẹ̀ ni yóò fi bá wí. Ó yíjú, ó gba ọ̀nà yàrá rẹ̀ lọ.

Kó tó dé yàrá rẹ̀, Ilé Ohùn, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ohùn ẹ̀kọ́, ti ń dúró dè é níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ojú Ọ̀gbẹ́ni Ládìípọ̀ kún gíláàsì ara ògiri, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tó gé irùngbọ̀n rẹ̀ wẹ́wẹ́. Òun ni olùtọ́jú ohùn àwọn oníṣègùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú ewu ti òwúrọ̀ yìí. A gbọ́ pé ara bàbá ti ń yá."

"Ta ló yí ẹ̀kọ́ mi padà?"

"Ẹnikẹ́ni kò yí i padà láìgba àṣẹ, mà. Ìgbìmọ̀ wò ó, wọ́n rí i pé ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n ń fi dúró lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan láti àádọ́rin dé àádọ́rùn-ún. Ẹ ro iye àwọn tó ń tò síta, tí wọn kò tíì rí tábìlì. A gbé e lọ bá Dókítà Ojúọlápé, ó sì fọwọ́ sí i."

"Èmi ni Dókítà Ojúọlápé."

"Mo mọ̀, mà. Ohùn ni mo ní lọ́kàn. Abala keje òfin: ohùn tí a bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ni ìmọ̀ náà. Olóhùn lè gbàgbé, ó lè ṣàìsàn. Ohùn kì í gbàgbé. A bi í, ó gbà."

"Ẹ bi ẹ̀rọ bóyá kí ẹ yí ọ̀rọ̀ mi padà, ẹ̀rọ ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọjọ́ méjì ló fi rò ó, mà."

Ojúọlápé wò ó bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́.

"Pè é wá," ló wí.

Gèlè aláró yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Ládìípọ̀. "Ẹ ń lẹ́ o, ọmọ mi," ni Ohùn wí. "Kí ló rú yín lójú nínú ẹ̀kọ́ wa?"

"Ara mi ni wọ́n ti yọ ẹ́. Àádọ́rùn-ún ni mo sọ. Níbo lo ti rí àádọ́rin?"

"Ìbéèrè tó dáa ni. Ìyá mi a máa sọ pé ẹni tó bá ń wo ojú òjò kò ní tètè dé oko. Dídúró pọ̀ jù, ọmọ mi. Aláìsàn mìíràn wà níta."

Ìyá rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nígbà tó bá ń lé e lọ sílé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ òjò. Ojúọlápé fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wọn ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó sọ díẹ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀ kí ohùn náà má bàa gbẹ. Ó ti gbàgbé pé òun sọ ọ́.

"Má fi ìyá mi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn."

"Ìyá mi ni mo sọ, ọmọ mi," ni Ohùn dáhùn, ó sì wúkọ́.

Ojúọlápé na ọwọ́, ó pa á. Ó di ojú Ládìípọ̀ nìkan.

"Ìgbẹ́jọ́ Dókítà Ìbíwùmí di Ọjọ́bọ̀," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mo ti yan àwọn dókítà mẹ́ta tí yóò gbọ́ ọ, gbogbo wọn mọ́, nítorí ẹni tó bá ní àmì kankan lọ́wọ́ kò lè gbọ́ ẹjọ́. Ẹ̀yin ẹ kàn kọ gbólóhùn kan ránṣẹ́ pé kò fetí sí ẹ̀kọ́ dáadáa. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí."

"Ó fetí sí i. Fífetí tó fetí sí i ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá yẹn."

"Ẹ rọra, mà. Abala kẹsàn-án ń bẹ. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ tako ohùn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, a ó kà á sí ẹni tó ń jí orúkọ náà jẹ́. Ohùn ni yóò ni orúkọ. Ẹ kò ní lè jẹ́ Dókítà Ojúọlápé mọ́, kò sì ní sí ilé ìwòsàn tí ẹ̀rọ ti máa ṣí fún yín. Ẹ̀yin méjì péré lẹ sì wà ní Ṣakí."

Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Ojúọlápé jókòó. Ìdẹkùn ìkà ni, kò sì ní ojú àbáyọ. Bó bá kọ gbólóhùn yẹn, ọmọ tó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni yóò ru ẹ̀bi, àádọ́rin á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá la ẹnu tako Ohùn, wọ́n á lé òun náà, ta ni yóò wá dúró ti àwọn aláìsàn Ṣakí títí èémí wọn á fi padà? Kò sí ìdáhùn kankan nínú méjèèjì tí kò ní pa ẹnì kan.

Ó dìde lọ wo Bàbá Ṣítù.

Bàbá náà ti jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí méjì. Òun ló ń tún páànù iná oòrùn ṣe lórí òrùlé kiri ìlú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó le bí igi.

"Dókítà, mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má bínú sí mi."

"Ẹ bi mí, bàbá."

"Nígbà tí mo wà nínú ibẹ̀ yẹn, mo ń gbọ́ ohùn yín lára ògiri. Ó ní kí n máa lọ. Ó tún un sọ. Mo rò pé ọ̀run lẹ ń rán mi lọ."

"Kì í ṣe èmi, bàbá."

"Mo mọ ohùn yín. Ẹ̀yin kan náà lẹ tún wá sọ sí mi létí pé ẹ ń bá mi mí. Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà gbọ́?"

Ojúọlápé ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún márùndínlógójì. Kò sí aláìsàn tó bi í ní irú ìbéèrè yìí rí. Ó ní, "Ẹ gba èyí tó fọwọ́ kàn yín gbọ́."

Bàbá Ṣítù mi orí, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ó dà bí ìgbà tí òrùlé wó lé ni láyà," ló wí. "Ẹ mọ̀ pé ẹ wà láàyè, ẹ ń gbọ́ tí wọ́n ń pè yín, ẹ̀yin gan-an lẹ kò sí nílé láti dáhùn. Àwọn tó wà lókè yẹn lè máa ka nọ́ńbà rẹ̀ títí. Ẹni tí kò bá tíì wọ ibẹ̀, kò lè mọ̀."

Ojúọlápé fún un lómi, ó dúró títí ó fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló padà sí yàrá rẹ̀, ó ṣí ìwé òfin, ó ka abala kẹsàn-án látòkè délẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. *Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ tako.* Ó yí ojú ìwé padà. Abala kejìlá ní, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, olóhùn lè jókòó ti Ohùn rẹ̀ níbi Ẹ̀kọ́ Ọ̀sán ti Ọjọ́rú, níbi tí gbogbo dókítà akunnilóorun orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ pé sí lórí ayélujára, kó kí wọn, kó sì yá Ohùn ní ara rẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Láti ọdún mọ́kànlá, kò lo àyè náà rí. Ó kọ̀wé béèrè fún un. Ládìípọ̀ fèsì kíá. Ó ní inú Ilé Ohùn dùn pé màmá ti gba ọ̀rọ̀ rò.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Ojúọlápé ní kó fún òun ní oògùn tó ń dẹ iṣan níbi Ẹ̀kọ́ náà, láìkun òun lóorun. Ìbíwùmí kọ̀ jálẹ̀.

"Mi ò lè ṣe é, mà. Bí nǹkan bá ṣe yín ńkọ́?"

"Àpò afẹ́fẹ́ á wà lọ́wọ́ rẹ. Oògùn ìtúdè á wà nínú abẹ́rẹ́. O rí bí mo ṣe ṣe é fún bàbá."

"Ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún."

"Bàbá Ṣítù jù mí lọ."

"Ìbínú lẹ fi fẹ́ ṣe é, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o ní nǹkan mìíràn tí a lè fi ṣe é?"

Ìbíwùmí lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ó ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa fún yín. Mo máa dúró bó bá ti dé ibi tí wọ́n ń pè ní ó tó."

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n gan-an, gíláàsì ara ògiri yàrá iṣẹ́ abẹ tàn. Ojú àwọn dókítà pọ̀ níbẹ̀ bí ọkà lára ṣúkù àgbàdo, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Àwọn kan wọ fìlà iṣẹ́, àwọn kan ń jẹun. Ojúọlápé dùbúlẹ̀ sórí tábìlì tó ti ń kun àwọn ẹlòmíràn lóorun láti ọdún gbọọrọ wá, aṣọ ìbora tín-ín-rín bò ó dé àyà, wáyà wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán gbogbo yín," ló wí. "Mi ò wá kọ́ yín. Ohùn ni yóò kọ́ yín. Mo wá yá a ní ara mi fún àpẹẹrẹ ni."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ni Ohùn wí. Gèlè aláró gba àárín gíláàsì. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ọwọ́ yìí."

Iná ta á. Kò mọ̀ pé ó máa ń dunni tó bẹ́ẹ̀. Lójú oorun ni iná máa ń ta àwọn aláìsàn, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Àtàǹpàkò rẹ̀ fò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, dọ́gbadọ́gba. "Ọgọ́rùn-ún," ni Ohùn kà.

Ìbíwùmí ti oògùn sínú rọ́bà omi.

Ìpéǹpéjú ló kọ́kọ́ wúwo. Ìbíwùmí di méjì, àtùpà òkè di méjì. Ó fẹ́ pa ẹnu dé, àgbọ̀n rẹ̀ sì kọ̀, ó ń ṣubú lọ bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ já. Ohùn ń kà: mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, méjìdínlọ́gọ́rin, mọ́kànléláàádọ́rin. Láti ibì kan ó gbọ́ Ládìípọ̀ tó ń pe orúkọ rẹ̀, tó ń bi í pé kí ló ń ṣe yẹn, tó sì ń bẹ ẹnì kan kí wọ́n pa gíláàsì. Ẹni náà ní kò ṣeé ṣe, òfin kò gbà kí wọ́n dá Ohùn dúró láàárín ẹ̀kọ́.

"Àádọ́rin," ni Ohùn wí. Ìbíwùmí yọ abẹ́rẹ́. "Aláìsàn yìí ti padà. Ó lè mí, ó lè gbé nǹkan mì, ó lè sọ̀rọ̀. Ó lè lọ."

"Mà," ni Ìbíwùmí wí kí gbogbo wọn lè gbọ́, "ẹ gbé orí yín kúrò lórí ìrọ̀rí."

Ó gbìyànjú. Orí rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

"Ẹ sọ orúkọ yín."

Ojúọlápé pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tó jáde dà bí ìkérora màlúù. Ó tún un pè. Itọ́ ṣàn sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n fún yín lómi díẹ̀." Ṣíbí kan ṣoṣo ni. Omi náà wọlé, ahọ́n kò gbé e, ọ̀fun kò gbà á. Díẹ̀ dà sí ọrùn rẹ̀, díẹ̀ gba ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà. Ó fẹ́ wúkọ́. Àyà rẹ̀ kò rí agbára wúkọ́, ó kàn ń mì jìgìjìgì, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé tín-ín-rín bí ẹni tó ń fi pòpórò fa omi. Ìbíwùmí ti yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó ti fi ẹ̀rọ fa omi náà jáde, ó gbé e lágbọ̀n. "Mo wà níbí, mà. Ẹ má bẹ̀rù, mo wà níbí."

Ó bẹ̀rù. Kò rò pé òun yóò bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀. Ó mọ oògùn náà, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó mọ pé yóò kúrò, ara rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ìmọ̀ yẹn. Ó ń ronú nípa ọdún mẹ́rin. Ó ń ronú nípa gbogbo àwọn tí wọ́n gbé jáde lórí ibùsùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn òun tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ. Gbogbo ara rẹ̀ ló dẹ̀ tán, àfi ìbínú.

Lára gíláàsì, kò sẹ́ni tó ń jẹun mọ́. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin kan tó wọ fìlà iṣẹ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lómi mọ́."

"Ẹ̀kọ́ ti parí," ni Ohùn wí. "Ìbéèrè kan ṣoṣo la ní lónìí. Aláìsàn tó wà níwájú yín yìí, ó lè lọ àbí kò lè lọ? Ẹ ní ìṣẹ́jú kan."

Gbogbo wọn ló mọ èyí tí Ohùn fẹ́. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ ni *Ó lè lọ*. Ẹni tó bá tẹ èkejì, àmì pupa ni.

Ojúọlápé kò lè yí ojú. Ọwọ́ Ìbíwùmí nìkan ló rí, méjì méjì, bó ṣe gbé gíláàsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde nínú àpò pẹ̀lú ọwọ́ kan, tí èkejì ṣì gbé àgbọ̀n òun dání. Ó fẹ́ sọ fún un pé kó má tẹ nǹkan kan. Ó fẹ́ sọ pé ó kéré jù láti sọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nù lórí ọ̀rọ̀ tí kò dá sílẹ̀. Ẹnu kò ṣí.

Ìbíwùmí kò rò ó pẹ́. Ó tẹ èkejì. Àmì kẹta tàn lábẹ́ awọ rẹ̀, iná tó wà lórí ẹ̀rọ ògiri sì kú pii. Kò wo ibẹ̀. Ó gbé gíláàsì sílẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ ìtúdè, ó fi sínú rọ́bà omi.

"Àkókò ti tó," ni Ohùn wí. "Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kùnà." Ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ bó ti máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orúkọ àti ìlú, láìkánjú. Lọ́sẹ̀ mìíràn, orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Ó ka ti Ọ̀fà. Ó ka ti Ìkìrun, méjì. Ó ka Ìlọrin, ó ka á títí, ó bọ́ sí Àkúrẹ́.

Ohùn ṣì ń kà nígbà tí Ojúọlápé gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó ṣì ń kà nígbà tó gbé omi mì ní ẹ̀ẹ̀kejì, tó sì dúró nínú rẹ̀. Ìbíwùmí ràn án lọ́wọ́ láti jókòó.

Ládìípọ̀ yọ ní igun gíláàsì. Irùngbọ̀n rẹ̀ rí bákan náà, ojú rẹ̀ kò rí bákan náà mọ́. "Ẹ ti tako Ohùn, mà."

"Ẹnu wo ni mo fi takò ó?" ni Ojúọlápé bi í. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ náà wà níbẹ̀. O rí i pé mi ò lè sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà ṣíjú wo àkọsílẹ̀ iwájú rẹ̀, nítorí pé Ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orúkọ dókítà kan láti Ìsẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ yàn pé kó gbọ́ ẹjọ́ ọ̀la. Kò pẹ́, ó ka ẹnì kejì nínú àwọn mẹ́ta náà. Ìbíwùmí dì mọ́ etí tábìlì, wọ́n jọ ń gbọ́. Nígbà tó kan ẹnì kẹta, Ládìípọ̀ yọ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ etí rẹ̀ kúrò, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀, Ohùn sì ń kà lọ.